Nígbà Tí Ìjàpá Tákú Lójú Ọ̀nà

Bí iná pupa kékeré yẹn bá tàn nínú ọkọ̀ Ìjàpá, ẹni tó mọ ọkọ̀ náà dáadáa kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó máa pa ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀, á sì bọ́ sílẹ̀. Ìdí ni pé Ìjàpá kò ní rédíétọ̀, kì í mu omi. Afẹ́fẹ́ ló ń mú ẹ́ńjìnì rẹ̀ tutù. Bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló ń yí fáànù tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ náà, òun kan náà ló sì ń yí jẹnẹrétọ̀ tó ń fún bátìrì ní iná. Bí bẹ́líìtì yẹn bá já, tí awakọ̀ sì ní òun á máa rọ́jú lọ, ẹ́ńjìnì lè jó kó tó dé abúlé tó kàn.

Iná pupa yẹn tàn sí mi lójú ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, lójú ọ̀nà Abígi ní Ogun Waterside. Oòrùn ti ń wọ̀. Igbó wà lọ́tùn-ún, igbó wà lósì. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin nìkan la wà nínú ọkọ̀. Kí n tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí a ṣe débẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ ju ọjọ́ Sátidé yẹn lọ.

Ọkọ̀ bàbá wa ni Ìjàpá náà. Tíṣà ni bàbá wa, ó sì rà á ní 1977 pẹ̀lú owó tí ìjọba yá a, èyí tí wọ́n ń pè ní kà-lóònù. Ẹ rántí ìgbà yẹn: owó epo rọ̀bì ń wọlé, owó Udoji ti bọ́ sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ní 1975, ọdún yẹn náà sì ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Èkó, tí Peugeot náà bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Tíṣà tó ń gun kẹ̀kẹ́ lánàá di ọlọ́kọ̀ lónìí. Ìjẹ̀bú-Igbó ni ilé wa, ṣùgbọ́n Waterside ni wọ́n gbé bàbá lọ láti máa kọ́ni, ọdún mẹ́jọ ló sì fi ń lọ tó ń bọ̀: Ìjẹ̀bú-Igbó sí Orù, kó gba Ìjẹ̀bú-Òde, kó tó wá kọrí sí ìsàlẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti ń tẹ́ lọ pàdé omi ọ̀sà.

Bàbá kú ní ọdún méjì sẹ́yìn. Àwọn àbúrò mi ní ká ta ọkọ̀ náà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, pé ó ń gba àyè lásán. Wọn ò purọ́. Ọkọ̀ Ìjàpá tó gbẹ̀yìn pátápátá ní gbogbo ayé jáde ní ilé-iṣẹ́ wọn ní Mẹ́síkò ní oṣù Keje 2003, nígbà tí àwọn tí wọ́n ti ṣe ti lé ní mílíọ̀nù mọ́kànlélógún. Ta ló tún ń wá páàtì rẹ̀ kiri? Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ọkọ̀ náà rin ọ̀nà tí bàbá ń rìn, kí n dé Abígi àti Ìwòpin, kí n sì padà, lẹ́yìn ìyẹn kí wọ́n ṣe ohun tó bá wù wọ́n. Bí mo ṣe ń gbá inú ọkọ̀ náà ni mo rí ìwé kékeré kan tí kòkòrò ti jẹ etí rẹ̀. Mo rò pé àkọsílẹ̀ iye epo ni. Kì í ṣe epo rárá. Àwọn tó ràn án lọ́wọ́ lójú ọ̀nà ni bàbá ń kọ síbẹ̀.

Ẹ gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀. "1979, ẹ̀yìn Àgọ́-Ìwòyè. Táyà méjì jò. Lọ́rì 'Ó Dọwọ́ Ọlọ́run' yá mi ní pọ́ǹpù, kò gbowó. Mo jẹ ẹ́." Òmíràn: "1980, ìyá ẹlẹ́ja kan fún wa lómi àti ẹja. Mo jẹ ẹ́." Ó fi bírò fa ìlà sórí àwọn tó ti san oore wọn padà, bóyá ó bu iṣu fún wọn ni o, bóyá ó kọ́ ọmọ wọn ní ìwé lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Ṣùgbọ́n èyí tó mú mi jókòó ni eléyìí: "1981, oṣù Kẹwàá, aago méjì òru. Ìyá wọn ń rọbí. Ọkọ̀ tákú. Lọ́rì agbégẹdú 'Ayé Kò Gún' fi okùn wọ́ wa dé ibi tí a ti rí nọ́ọ̀sì. Mo jẹ ẹ́." Kò sí ìlà kankan lórí rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ tí ìyá wa ń rọbí rẹ̀ lóru ọjọ́ yẹn, èmi ni.

Ìwé yẹn ló mú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Kí ló dé tí àwọn èèyàn ìgbà náà fi ń dúró fún ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́? Ṣé wọ́n sàn jù wá lọ ni? Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà á ní bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ò bá wọn gbà á tán. Ẹ jẹ́ ká wo bí mọ́tò ṣe dé ọ̀dọ̀ wa.

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó ní 1896, Abẹ́òkúta ni wọ́n gbà kí wọ́n tó dé Ìbàdàn ní 1901. Rélùwéè ò ya ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Omi ọ̀sà ni ọ̀nà wa: Ẹ̀pẹ́ àti ọjà Èjìnrìn ni àwọn oníṣòwò wa ti ń pàdé àwọn ará Èkó, orí àwọn alágbàárù sì ni ẹrù ń gbà débẹ̀ láti àwọn ìlú òkè. Ní 1906 ni ìjọba ṣí ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ fún mọ́tò, ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn ìyẹn ni lọ́rì wá ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Fún ìlú tí kò ní rélùwéè, lọ́rì kì í ṣe ohun fàájì. Òun ló ń gbé kòkó àti obì gbànja jáde, òun ló ń gbé iyọ̀ àti aṣọ wọlé. Bí lọ́rì bá dúró, ọjà dúró.

Nígbà náà, kò sí ẹni tó ń rìn jìnnà tí ọkọ̀ rẹ̀ kì í bàjẹ́, òyìnbó náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1926, Frank Gray, ọkùnrin kan tó ti ṣe aṣòfin rí ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, gbéra ní Èkó pẹ̀lú Jack Sawyer, wọ́n wa mọ́tò Jowett kéékèèké méjì la ilẹ̀ Áfíríkà kọjá dé Massawa létí Òkun Pupa. Ó lé ní 3,000 máìlì. Orúkọ tí wọ́n sọ ọkọ̀ méjèèjì ni "Wait" àti "See", ìyẹn ni pé dúró ná, wàá rí i. Bí dẹ́rẹ́bà Ìjẹ̀bú bá gbọ́ orúkọ yẹn, á rẹ́rìn-ín, nítorí àwọn náà ń kọ ọ̀rọ̀ sára ọkọ̀ tiwọn. Ọ̀rọ̀ yẹn ni gbogbo ayé fi ń mọ lọ́rì, òun ni wọ́n sì fi ń pe dẹ́rẹ́bà rẹ̀.

Ibí yìí ni mo fẹ́ ká fara balẹ̀ wò. Ẹ́ńjìnì àti irin abẹ́ lọ́rì Bedford tàbí Austin ló ń ti òkè òkun wá, àwọn káfíńtà wa ló ń fi pákó kan ara rẹ̀ tó fi ń di bọ́lẹ̀kájà. Ìjẹ̀bú-Igbó kì í wá pákó tì, ìlú onígẹdú ni. Nítorí náà, ẹni tó kan ara lọ́rì wà nílé, ẹni tó ń tún un ṣe wà nílé, dẹ́rẹ́bà àti ọmọ ọkọ̀ rẹ̀ sì ń sùn ní gáréèjì kan náà pẹ̀lú àwọn yòókù. Ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń rìn lójoojúmọ́. Bí "Ó Dọwọ́ Ọlọ́run" bá rí "Ayé Kò Gún" tó tákú lójú ọ̀nà tó sì kọjá lọ, kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, gbogbo gáréèjì á ti gbọ́. Lọ́la tí tirẹ̀ bá tákú ńkọ́? Ta ló máa dúró?

Ẹgbẹ́ náà wà. Kí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tó di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀, òun náà ṣe òwò ọkọ̀ rí ní Ìbàdàn láàárín 1930 sí 1939, ó sì jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ èrò ní Nàìjíríà. Àwọn ọlọ́kọ̀ mọ̀ tipẹ́ pé igi kan ò lè dá igbó ṣe.

Mo ní ìrànlọ́wọ́ ojú ọ̀nà ìgbà yẹn kì í ṣe àánú nìkan. Èésú ni. Ìwọ dá tìrẹ lónìí, wàá kó o lọ́jọ́ tó bá kàn ọ́. Ìwé bàbá mi kò kọ "wọ́n ṣàánú mi" síbì kankan. "Mo jẹ ẹ́" ló ń kọ.

Ó sì ní òfin tirẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò kọ sínú ìwé. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́, ọmọ ọkọ̀ á kọ́kọ́ fi igi dí táyà kó má baà yí padà sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà á ṣẹ́ ewé tútù, á tò ó sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ kí àwọn tó ń bọ̀ lè mọ̀ pé ewu wà níwájú. Ewé yẹn ti wà kí onígun-mẹ́ta pupa tó dé, ó sì wà síbẹ̀ títí dòní. Ẹni tó bá kọjá gbọ́dọ̀ rọra, kó béèrè pé, "Ṣé kò sí o?" Bí wọ́n bá ní "ó wà", ó gbọ́dọ̀ dúró. Bí kò bá lè tún un ṣe, á gbé ọ̀rọ̀ lọ sí gáréèjì níwájú.

Ọgbọ́n wọn pọ̀. Bí táńkì epo bá ń jò, ọṣẹ ni wọ́n ń fi dí i. Bí bẹ́líìtì bá já, obìnrin tó bá wọ sítọ́kìnnì nínú ọkọ̀ á bọ́ ọ sílẹ̀, wọ́n á lọ́ ọ, wọ́n á so ó, á sì gbé ọkọ̀ rìn díẹ̀. Fọkanáísà ń mú písítìnnì ẹ́ńjìnì tó ti bàjẹ́, á da epo díẹ̀ sínú rẹ̀, á ṣáná sí i, ooru rẹ̀ á sì lẹ rọ́bà mọ́ ojú ihò tíúbù. Àwọn Ọdútọ́lá, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, wọ inú òwò táyà kí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ronú pé ọmọ ilẹ̀ wa lè ṣe é. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀nà wa ń jẹ táyà.

Kí ló wá bà á jẹ́? Kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972 a kúrò lọ́wọ́ òsì ọ̀nà bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, ìyẹn ò pa wá lára púpọ̀. Èyí tó yí nǹkan padà ni òpópó márosẹ̀. Nígbà tí ọ̀nà ńlá Ṣágámù sí Benin là, ọkọ̀ tó ń gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá kì í ṣe ọkọ̀ Ìjẹ̀bú nìkan mọ́. Ẹni tó ń lọ sí Onitsha kò mọ "Ayé Kò Gún", kò sì ní pàdé rẹ̀ ní gáréèjì lọ́la. Ó ń sáré. Èésú kò lè dúró láàárín àwọn tí kò ní rí ara wọn mọ́.

Lójú ọ̀nà Waterside, àwọn lọ́rì agbégẹdú ṣì ń mú àṣà náà dání fún ìgbà díẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ gbé ilé-iṣẹ́ bébà kalẹ̀ sí Ìwòpin, wọ́n sì gbin igi melina sínú igbó ọba Omo, ní agbègbè J4, nítorí rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà kò gòkè tó bí a ṣe lálàá rẹ̀. Ní 1986 ètò SAP dé, náírà wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun di ohun àwòmọ́jú, tòkùnbọ̀ sì gba ìgboro. Lẹ́yìn náà ni àwọn adigunjalè bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ tó bàjẹ́ ṣe pàkúté, tí wọ́n á dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà bí ẹni pé wọ́n fara pa. Láyé ìsinyìí, àwọn ajínigbé ló kù. Ẹni tó bá dúró lè máà délé.

Ìjọba náà ò sùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ti kó ẹ̀ṣọ́ ojú pópó jọ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ láti 1977, òun náà sì ni alága àkọ́kọ́ nígbà tí wọ́n dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti gbogbo Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1988. Nọ́mbà 122 la fi ń pè wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ ò lè wà nídìí gbogbo igbó.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Ìjàpá. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé yẹn, lórí òpópó márosẹ̀ lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Òde, a rí danfo kan lẹ́bàá ọ̀nà. Wọ́n ti to ewé sẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin kan ń ju ọwọ́ sí wa, obìnrin kan gbé ọmọ pọ̀n lẹ́yìn rẹ̀. Mo mú ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rọ́tù. Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró. Ẹ ò mọ̀ wọ́n." Mi ò dúró. Mo wò wọ́n nínú dígí títí wọ́n fi kéré. Ìwé bàbá mi wà lórí ìjókòó láàárín wa.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, bẹ́líìtì já. Mo ṣẹ́ ewé, mo tò ó sílẹ̀. Mo wo ibi tí mo tọ́jú bẹ́líìtì sí, mo rí i pé mo ti gbàgbé rẹ̀ sílé. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ mẹ́rin kọjá lára wa. Kò sí èyí tó rọra. Mi ò lè bínú sí wọn, àwo tí mo fi bọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n fi ń bọ́ mi.

Ẹni karùn-ún jẹ́ ọmọkùnrin kan lórí ọ̀kadà. Kò bọ́ sílẹ̀, kò pa ẹ́ńjìnì rẹ̀. Ó dúró lókèèrè. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, sà. Kí ló ṣe mọ́tò yín?"

Mo ní, "Bẹ́líìtì ló já."

"Ẹ má dúró síta. Ẹ wọnú ọkọ̀, ẹ ti ilẹ̀kùn. Mò ń bọ̀."

Ó yí padà, ó lọ. Àbúrò mi wò mí. A ò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ohun kan náà ló wà lọ́kàn wa: ta ló lọ pè? Òkùnkùn ṣú. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú kí a tó rí iná ọ̀kadà mẹ́ta tó ń bọ̀. Mo di sípánà mú. Ó mà burú o, kí èèyàn máa di sípánà mú de ẹni tó ń bọ̀ wá gbà á là.

Àwọn ará abúlé iwájú ni. Wọ́n gbé mẹkáníìkì àgbàlagbà kan wá, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti bẹ́líìtì àlòkù mẹ́ta. Bàbá náà fọwọ́ pa ẹ̀yìn Ìjàpá lára bí ẹni rí ọ̀rẹ́ àtijọ́. Ó tú nọ́ọ̀tì, ó yọ wáṣà pẹlẹbẹ díẹ̀ láàárín púlì, ó dán bẹ́líìtì àkọ́kọ́ wò, kò gbà. Ìkejì gbà. Ó ní kí n ṣáná. Iná pupa kú.

Mo fún un lówó, iye bẹ́líìtì nìkan ló mú níbẹ̀. Ó ní, "Èyí tó kù, ẹ fi ra epo fún àwọn ọmọ yìí. Ìrìn tèmi ò lówó."

Mo wá bi í léèrè bóyá ó mọ lọ́rì agbégẹdú kan ní 1981, tó ń jẹ́ "Ayé Kò Gún". Ó rẹ́rìn-ín. "Èwo nínú wọn? Lọ́rì mẹ́ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà yìí. Mo tún gbogbo wọn ṣe rí. Àwọn tó wà wọ́n ti lọ."

Ojú tì mí débi pé mo sọ ọ̀rọ̀ danfo fún un. Mo rò pé yóò bú mi. Kò bú mi. Ó ní, "Pé ẹ ò dúró, kò burú. Ayé ti yí. Ọmọ yìí náà ò dúró tì yín, àbí ó dúró? Ó wá sọ fún wa ni. Ẹ̀yin, ta lẹ sọ fún ní ìlú tó kàn?"

Mi ò rí èsì fún un. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò tẹ 122. Ọ̀rọ̀ náà kò wá sí mi lọ́kàn rárá.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ohun tí mo rí kọ́ nìyẹn. Ní 2024, ọmọbìnrin Nàìjíríà kan, Pelumi Nubi, wa mọ́tò Peugeot 107 kékeré láti Lọ́ńdọ̀nù dé Èkó. Ó gbéra ní ìparí oṣù Kìíní, ó wọ Èkó ní oṣù Kẹrin. Ìjàǹbá ọkọ̀ ṣe é ní Côte d'Ivoire, ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́, síbẹ̀ wọ́n tún un ṣe, ó sì délé. Ẹni tó ń rìn ọ̀nà jíjìn kò lè ṣe é láìsí ọwọ́ ẹlòmíràn, ì báà jẹ́ 1926, ì báà jẹ́ òní. Èésú àtijọ́ ti tú, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń bẹ̀rù láti dúró ṣì lè rọra, kó wo ibi tó wà, kó gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ìlú iwájú, kó tẹ fóònù. Ìyẹn ò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Nígbà tí a ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, mo rọra níbi tí danfo yẹn wà. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́. Ewé tó ti rọ nìkan ló kù lójú ọ̀nà, táyà ti gùn ún mọ́lẹ̀. Mo ya ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo mú ìwé bàbá mi, mo kọ ọ́ sí abẹ́ èyí tó kọ gbẹ̀yìn: "Danfo, lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Òde. Ọkùnrin kan, obìnrin kan àti ọmọ. Mi ò dúró. Mo jẹ wọ́n."

Àbúrò mi kà á, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí a dé Ìjẹ̀bú-Igbó, òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún àwọn yòókù pé a ò tíì ní ta ọkọ̀ náà.